Oorun Láwàlì Wà ní Yàrá Òdìkejì

Kò, kò, kò.

Láwàlì lajú nínú òkùnkùn. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kan fèrèsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́. Kò dìde lọ wò ó. Lóru àkọ́kọ́, ó dìde, ó tan iná fóònù yí ilé ká, kò rí ju okùn aṣọ àti abọ́ ìfọṣọ Fadilah ìyàwó rẹ̀ lọ. Òru kẹtàlélógún nìyí. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Kò fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀ rí.

Ó yíra sápá òsì. Ó yíra sápá ọ̀tún. Ó ka Áyátù Kúrúsíyù tán, ó tún un kà. Ara rẹ̀ wúwo bíi gedú tí òjò pa, ojú ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i, àmọ́ oorun ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé oorun náà jìnnà. Ó dà bí ẹni pé wọ́n wá kó o lọ ni, tí wọ́n sì gbá ojú ibẹ̀ mọ́.

Níta, àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé ní Lótò, ní Mówè, gbogbo ilẹ̀kùn ló tì pa. Ìgbà náà ló tún gbọ́ ohun tó ń gbọ́ lálaalẹ́. Ní kété tí kíkàn yẹn bá ti parí, ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun ní yàrá òdìkejì. Á hanrun gígùn, á dùn, á máa lọ sókè sódò bí ẹni ń la pákó tútù.

"Bàbá Mùízz, ẹ tún ti jí?" Oorun ṣì wà lóhùn Fadilah.

"Mo ti jí."

"Ẹ yí ìrọ̀rí yẹn padà."

"Mo ti yí i títí. Ó ku kó bú mi."

Fadilah rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa aṣọ borí, oorun sì gbé e lọ. Láwàlì wò ó nínú òkùnkùn, ó sì kórìíra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí òru tí yóò mú wa kórìíra ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ síbi iṣẹ́. Ilé ìlagi kan ní Ìbafò ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ti gedú sẹ́nu ayùn ńlá. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì péré ló sábà máa ń wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti eyín ayùn náà. Iṣẹ́ baba rẹ̀ ni, ní Ìwó, láti ayé ayùn ọlọ́wọ́. Ìka mẹ́wàá ló ṣì ní, ó sì máa ń fi í yangàn, torí nínú gbogbo aláyùn ọgbà náà, òun nìkan ló lè ka ìka dé mẹ́wàá láìbọ́ bàtà.

Láàárọ̀ yẹn, ojú rẹ̀ padé. Kò pẹ́ tó mímí kan. Ayùn já etí ọwọ́ aṣọ rẹ̀ lọ.

"Láwàlì." Màmá Kòfowórọlá ni, ẹni tó ni ilé ìlagi. Orí àga rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà ló ti pè é. Kò pariwo.

"Mà."

"Mo rí ojú rẹ. Ó padé."

"Ẹ má bínú, Mà. Oorun ni mi ò..."

"Má sọ ti oorun fún mi. Tí mo bá tún rí i, Múdàṣírù ló máa gba ayùn ní Mọ́ńdè. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọwọ́ tí n ó rà fún ọ."

Lẹ́yìn ayùn, níbi tí pákó ti ń jáde, Múdàṣírù tó ń gbà á sílẹ̀ tẹrí ba. "Ẹ fojú àánú wò ó, Mà," ó ní. "Ọmọdé ni."

Ara Múdàṣírù ń dán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìyá rẹ̀ dé.

*

Ọdún mẹ́sàn-án ni Múdàṣírù fi ju Láwàlì lọ, yàrá òdìkejì ló sì ń gbé. Ó ti gba pákó lẹ́yìn ayùn fún ọdún mẹ́fà gbáko kí Láwàlì tó ti Ìwó dé, tí Màmá Kòfowórọlá sì gbé ayùn fún àlejò. Ìyẹn dùn ún. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló gbé e dé Ìfọ̀.

Ààwẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Láwàlì máa ń sùn wọra tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oṣù Ràmàdáánì lé, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá Múdàṣírù lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n Múda, ẹ dákun, ẹ máa bá mi kan fèrèsé fún sààrì. Tí mo bá ti sùn, òkú ni mí." Múdàṣírù gbà. Lóru kan sí òmíràn, ó ń dìde, ó ń fi ìka kan fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mẹta, títí ọgbọ̀n òru fi pé.

Nínú ilé yẹn, ohun kan wà tí wọ́n máa ń ṣe. Bí ààwẹ̀ bá ti tú, ẹni tí wọ́n ń jí á gbé abọ́ oúnjẹ lọ bá ẹni tó ń jí i. Á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á ní, "Mo dúpẹ́, ó tó." Ẹni yẹn á ní, "Mo gbọ́." Ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìtùnú Ààwẹ̀, Láwàlì wọ agbádá tuntun, ó juwọ́ sí Múdàṣírù láti orí ọ̀kadà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Múdàṣírù wà ní Ìfọ̀, lẹ́bàá ojú irin, nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń jẹ́ Ògúnkànmí. Ògúnkànmí ń tún tìmùtìmù àti ìrọ̀rí ṣe. Òwú wà ní irun ojú rẹ̀, òwú wà ní etí rẹ̀. Àwọn tó wá tún ibùsùn ṣe ń gba iwájú wọlé. Ẹ̀yìn ni Múdàṣírù gbà.

"Ọgbọ̀n òru, Bàbá," ó ní. "Kò tiẹ̀ gbé omi tútù wá."

Ògúnkànmí dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. "Kò sọ pé ó tó?"

"Kò sọ ọ́."

"Ìwọ náà ò sì sọ pé o gbọ́."

"Kí ni n ó gbọ́?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ kéré, ó sì funfun. "Á jẹ́ pé ó ṣì ń rán ọ níṣẹ́ nìyẹn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbé oorun rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, kò sì tíì gbà á padà. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kí ayùn mú un lọ́wọ́."

"Bí ó bá gé e ńkọ́?"

"Ohun tí mo ń sọ nìyẹn, Bàbá."

Ògúnkànmí ò tún bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó rán ìrọ̀rí pupa kan fún un, ó rán etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó sì kọ̀yìn sí i nígbà tó ń fi nǹkan sínú rẹ̀. Ó ní kó máa kan igi ibùsùn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní àkókò sààrì, kó sì gbórí lé ìrọ̀rí náà.

"Oorun tó bá kù lójú rẹ̀, ìwọ ni wàá sùn ún. Àlá tó bá bá a wá, tìrẹ ni. Má rọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni."

Láti òru yẹn, Múdàṣírù ò mọ ohun tí àárẹ̀ ń jẹ́ mọ́. Oorun náà dùn ju èyíkéyìí tó ti sùn rí. Ó máa ń dà bíi pé wọ́n gbé e sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá jí láàárọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni kó fetí sílẹ̀ sí yàrá òdìkejì, kó gbọ́ bí Láwàlì ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ wẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ yẹn dùn mọ́ ọn ju tíì lọ.

*

Ọjọ́bọ̀ tí ojú Láwàlì padé yẹn kan náà, nígbà ìsinmi ọ̀sán, ni Múdàṣírù gbàgbé ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sórí pákó, wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ àlá ni wọ́n ń sọ. Ẹnìkan ní òun lá àlá pé òun kọ́lé sí Ọbáfẹ́mi, wọ́n bi í pé ṣé ó rántí ìwé ilẹ̀. Ẹ̀rín ti pọ̀ lẹ́nu wọn.

"Tèmi ló yani lẹ́nu," Múdàṣírù ní. "Ìyá arúgbó kan ni mo máa ń rí. Á jókòó sórí àpótí nídìí iná, á máa fi ọwọ́ òsì ro ọkà. Ọwọ́ òsì o. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Á wá máa kì mí, á ní Àkànní."

"Àkànní kẹ̀? Ṣebí Àjàní niwọ."

"Ẹ bá mi bi í. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wí." Ó tún jókòó, ó sọ ohùn rẹ̀ di ohùn arúgbó:

"Àkànní, ọmọ ajífayùn-kírókò,
Ọmọ agégi-má-jẹ̀ẹ́-kígi-ó-sunkún,
Ìka mẹ́wàá lo gbé wáyé,
Ìka mẹ́wàá ni kó o fi bò mí nílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láwàlì ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú omi inú ọ̀rá lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú ní Ìwó láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì ni ìyá náà ń lò. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Mówè, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Ìbafò, kò sì sí ẹni tó gbọ́ oríkì yẹn rí yàtọ̀ sí ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, oorun ìdájí ló fi ń wá bẹ Láwàlì wò. Òru mẹ́tàlélógún nìyí tí kò wá. Láwàlì ti rò pé ó ń bínú sí òun ni.

Ó mu omi rẹ̀ tán. Ó ká ọ̀rá náà, ó fi í sápò. Ó jáde ní ẹnu géètì láìkí ẹnikẹ́ni.

*

Ìyá Sàúdátù ń ta àgbo ní Òkè-Àró. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ti kan òru, òun ni kéèyàn lọ bá. Ó gbọ́ ẹjọ́ Láwàlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń já ewé sínú igbá, kò wojú rẹ̀.

"Ó ń sùn sórí ìrọ̀rí tuntun," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún ìyàwó mi. Ó ní kì í jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án."

"Pupa. Wọ́n rán etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì."

"Mo ti rí i níbi tó sá a sí lóòrùn. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ògúnkànmí." Ó pe orúkọ náà bí ẹni ń tu nǹkan kíkorò dànù. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi sùn dáadáa." Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú igbá. "Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó rọrùn nìyí. Gbé abọ́ oúnjẹ, lọ bá a lójú gbogbo ará ilé. Dọ̀bálẹ̀. Sọ pé o dúpẹ́, ó tó. Lójú èèyàn, ojú á tì í láti kọ̀. Tó bá ti lè sọ pé òun gbọ́, oorun rẹ á padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà."

"Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kí ayùn gé mi lọ́wọ́? Ẹni tó ń jókòó ti ìyá mi nídìí iná?"

Ìyá Sàúdátù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wojú rẹ̀. Ó yẹ kó tẹnu mọ́ ọn. Kò tẹnu mọ́ ọn.

"Èkejì ńkọ́, Ìyá?"

"Èkejì ni pé kó o fún un ní gbogbo rẹ̀. Oorun òru, oorun ọ̀sán, èyí tó ń gbé èèyàn lórí ìjókòó, gbogbo ẹ̀. Oorun ẹnìkan ni Ọlọ́run dá èèyàn kọ̀ọ̀kan láti rù. Tó bá di ti ẹni méjì lọ́rùn rẹ̀, á gbé e ṣubú níbi yòówù tó bá ti bá a."

"Nídìí ayùn?"

"Èmi ò dárúkọ ibì kankan."

"Èmi ńkọ́? Ṣé màá wá sùn?"

"Lẹ́yìn tó bá sọ pé òun gbọ́. Ìyẹn ò yí padà, ọ̀nà yòówù kó o gbà. Ẹnu rẹ̀ ló máa ti wá."

Láwàlì ní ẹni tí ayùn bá ti mú, ohun tí wọ́n bá ní kó sọ ló máa sọ.

Ìyá Sàúdátù nawọ́ sábẹ́ àga, ó fún un ní ìgò omi dúdú kan. Inú rẹ̀ ń dùn, kò sì lè fi pamọ́ tán. "Tó o bá ń kọjá ní Ìfọ̀," ó ní, "bá mi kí i."

*

Lálẹ́ Sátidé, Nàfísàt, ìyàwó Múdàṣírù, jí i. "Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, Bàbá Hikmah. Kì í ṣe ohùn yín."

Múdàṣírù fọwọ́ kan ìrọ̀rí rẹ̀. Ó gbóná. Ó tún fọwọ́ kàn án, ó sì dà bí ẹni pé ó ń mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé ní Ìfọ̀.

"Ṣé o rọ́ àlá?" Ògúnkànmí bi í. Múdàṣírù wolẹ̀. Ìyẹn tó èsì fún bàbá náà. "Fún ọjọ́ méje, má dé ibi tí ayùn wà."

"Ọ̀la ni Mọ́ńdè, Bàbá. Ọ̀la ni wọ́n máa gbé ayùn lé mi lọ́wọ́, tó bá ti lè tòògbé lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Mo ti sọ tèmi."

"Ẹ gba ìrọ̀rí yín padà nígbà náà."

"Mi ò kì í gba ọjà tí wọ́n ti sùn lé," Ògúnkànmí ní, ó sì ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

*

Lóru yẹn, Láwàlì ò dúró de kíkàn náà lórí ibùsùn. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Múdàṣírù láìwọ bàtà. Iná ò sí. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Nínú yàrá, ó gbọ́ bí ẹnìkan ṣe yíra padà, tó sì nawọ́.

Kò, kò, kò.

Ó da omi dúdú náà sẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ fà á mu bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ. Láwàlì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹnu sún mọ́ ihò kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹ má ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ẹ kó o tán."

Ìhanrun tó ti bẹ̀rẹ̀ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, ìhanrun náà tún bẹ̀rẹ̀, ó ti di ohùn méjì nínú ọ̀fun kan. Ohùn kejì yẹn, Láwàlì mọ̀ ọ́n. Fadilah ti gbà á sílẹ̀ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

Nǹkan kan kúrò lójú rẹ̀. Kò dùn ún. Ojú rẹ̀ kàn mọ́ kedere, ó mọ́ jù, bíi yàrá tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde.

*

Gedú àfàrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì ní Mọ́ńdè. Màmá Kòfowórọlá gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tòsí, ó ń wo ojú Láwàlì. Ojú Láwàlì là sílẹ̀ rekete. Kò ṣẹ́jú. Màmá mi orí, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò wo ẹ̀yìn ayùn.

Láwàlì ń wo ẹ̀yìn ayùn. Múdàṣírù ń mì síwá sẹ́yìn. Ó ti fi omi bọ́jú nígbà mẹ́rin. Ó ti jẹ obì, ó ti já ara rẹ̀ ní èékánná. Ó di pákó àkọ́kọ́ mú, ó gbé e sílẹ̀. Ó di ìkejì mú. Nígbà tó nawọ́ sí ìkẹta, ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ bí aṣọ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró níbi tó máa ń dúró sí. Ó ń tẹ̀ lé pákó náà wá. Ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ eyín ayùn díẹ̀díẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọwọ́ ẹni tó ń wá ìrọ̀rí nínú òkùnkùn.

Bọ́tìnnì tó ń pa ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún Láwàlì. Kó sún ẹsẹ̀ díẹ̀ ni, ó tó.

Láwàlì ti gedú náà síwájú.

Ohun tó da jìnnìjìnnì bo àwọn òṣìṣẹ́ jù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀ rí lọ́gbà yẹn. Ọwọ́ ọ̀tún Múdàṣírù ti wà nílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pákó, Múdàṣírù fúnra rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ tì í, ó sì ń hanrun.

*

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e kúrò ní ọsibítù wá sílé. Dókítà ní ọgbẹ́ náà ń jinná, ti oorun yẹn ni kò yé òun. Kì í jí ju ìgbà tí ebi bá pa á lọ.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, Láwàlì ò fojú kan oorun ní ọ̀sán, kò fojú kàn án ní òru. Ó ti ń rí èèrà tí kò sí. Ó pe Mùízz ọmọ rẹ̀ ní orúkọ baba rẹ̀ tó ti kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Múdàṣírù dé, Fadilah se ìrẹsì, ó fi adìyẹ odindi lé e. Láwàlì gbé abọ́ náà la ọ̀dẹ̀dẹ̀ já. Gbogbo ará ilé ló jáde wò ó. "Ọmọ gidi," ni wọ́n ń wí. Nàfísàt ti ń sunkún kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì.

"Ẹ̀gbọ́n. Mo dúpẹ́ fún jíjí tí ẹ jí mi nínú ààwẹ̀. Ó tó. Ẹ dákun, ẹ sọ pé ẹ gbọ́."

Ó pẹ́ kí Múdàṣírù tó lajú. Ó wo abọ́. Ó wo àwọn èèyàn tó kún ẹnu ọ̀nà. Ó wo báńdéèjì tó wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ́wọ́ òsì sí Láwàlì pé kó sún mọ́ òun, Láwàlì sì fi àyà wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Mo rí orúnkún rẹ," Múdàṣírù sọ ọ́ sí i létí. "Inú oorun rẹ ni mo wà, ojú rẹ ni mo fi ń ríran. Mo rí ọwọ́ mi tó ń bọ̀. Mo rí bọ́tìnnì. O ò sún ẹsẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ ọ́."

"Lójú oorun, ọwọ́ mi pé méjì. Èmi ni mo wà nídìí ayùn. Tí mo bá ṣe tán, ìyá rẹ á gbé ọkà fún mi, á kì mí títí ilẹ̀ á fi mọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ni n ó wá jí sí, Láwàlì?"

"Kí lẹ wí, Bàbá Hikmah?" Nàfísàt bi í. "Ẹ dá a lóhùn. Ẹ wò ó nílẹ̀."

Múdàṣírù fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fa ìrọ̀rí pupa náà sábẹ́ etí. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbà á sétí.

"Mi ò gbọ́," ó ní, ó sì pa ojú dé.

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí Láwàlì dìde, wọ́n ní Ọlọ́run ti rí ọkàn rẹ̀. Láwàlì ò dìde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí símẹ́ńtì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgadà, ó sì ń gbọ́ bí ìhanrun òun fúnra rẹ̀ ṣe ń jáde jẹ́jẹ́ lókè orí òun, láti ẹnu ẹlòmíì.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú.